Eérú Tí Kò Tètè Tutù

Lánàá, obìnrin kan tó ń sun iṣu lójú ọ̀nà Arámọkọ fi igi tú eérú gbígbóná. Òórùn eérú náà gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjerò.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ yẹn ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, torí irin tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì ti sán. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ pe wẹ́dà. Wẹ́dà yọ irin náà, ó fi iná mú un gbóná títí ó fi pọ́n, ó jó o pọ̀, ó sì fi eérú gbígbóná láti ìdí ààrò ìyá mi bò ó mọ́lẹ̀.

"A gbọ́dọ̀ dé ulé l'Ẹ̀fọ̀n lónìí o," ni Bàbá Ẹ̀fọ̀n wí.

"Irin yìí ò fẹ́ ìkánjú, bàbá," ni wẹ́dà dáhùn. "Tó bá yára tutù, á tún sán. Ẹ jẹ́ kí eérú yẹn tutù fúnra rẹ̀."

Inú mi dùn pé àlejò wa máa pẹ́. Mo jókòó lórí àpò aṣọ ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, mò ń jẹ gúgúrú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ń kọ bàbá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá mi ti ọwọ́ bọ eérú náà títí dé ọrùn ọwọ́. Kò jó o. Ó wo bàbá mi, tó ń ṣa igi ìdáná tó kù jọ. Ìyá mi wọ ilé ìdáná, ó bu eérú ẹlẹ́yinná, ó sì dà á lé eérú tó ti tutù náà lórí.

"Ṣé ó ti tutù?" ni Bàbá Ẹ̀fọ̀n bèèrè láti inú ilé.

"Rárá o," ni ìyá mi dáhùn. "Ó ṣì gbóná."