Àkísà Pupa Lára Iṣu

Òórùn àká iṣu kò jọ òórùn ibòmíràn. Erùpẹ̀ gbígbẹ ni, àti omi ara iṣu tí ọkọ́ ti ṣá, àti màrìwò tí a fi bò ó lórí tí oòrùn ń yan lọ́sàn-án. Bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn báyìí, àyà mi á já. Bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí, òun ló máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlọrà ni àká náà wà. Èmi ò mọ ìwé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkísà ni mo fi ń ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Bí a bá ti kó iṣu délé tán nígbà ọyẹ́, màá ya aṣọ tó ti gbó, màá so ó mọ́ wọn lára. Funfun ni ti èèbù tí a ó gbìn. Aláwọ̀ ewé ni èyí tí a ó tà fún owó ilé ìwé, pupa ni èyí tí a ó fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún baálé mi. Èyí tí kò bá ní àkísà, òun la ó jẹ. Baálé mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ tí o ò mọ A, ìwọ lo wá di akọ̀wé iṣu."

"Ẹ fi akọ̀wé sílẹ̀, ẹ bá mi di igun aṣọ yìí mú."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò ti tètè dá, iṣu wa kéré bí ọwọ́ ọmọdé. Oògùn wọ́n, ohun gbogbo wọ́n. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa sì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Mo so àkísà títí, aláwọ̀ ewé kò tó. Mo tú u, mo tún un so, kò tó náà ni. Mo ní kí ọmọ náà lọ kọ́ aṣọ rírán ná, kó di ọdún mìíràn.

Baálé mi jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ó ní, "Ti funfun yìí ńkọ́?"

Mo jágbe mọ́ ọn. "Èèbù! Ta ló ń jẹ èèbù?"

Ó yí ojú sí àwọn pupa, ó ń wò wọ́n.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní Akínmọ̀ọ́rìn ti fún òun lówó ìdánwò. Mo ṣàdúà fún ẹ̀gbọ́n títí ẹnu fi ń ro mí. Baálé mi fúnra rẹ̀ ló di àwọn iṣu pupa mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà lọ tà, ó ní òun ti ra oògùn bọ̀. Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, màá gbọ́ tí ike oògùn ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ní yàrá rẹ̀, màá gbọ́ tó ń mumi. Mo ní alihamudu, ètò mi dúró.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èèbù funfun náà ni baálé mi ń gbìn lọ́wọ́ tó fi ṣubú sórí ebè. Kí a tó gbé e dé títì, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún owó ìdánwò. Ó wò mí lójú. "Owó wo, ìyàwó? Èmi gan-an ń wá ẹni tí yóò fún mi." Mo dìde, mo wọ yàrá olóògbé, mo ṣí ike oògùn. Àgbàdo gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà yege, ó ń yọ̀, kí ni mo fẹ́ wí fún un? Èèbù yẹn hù, ó ta, mi ò lè jẹ iṣu rẹ̀. Ká ní mo gbà kí a yọ díẹ̀ lára funfun ni, ebi ì bá pa wá lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ni ebi náà ì bá jọ pa.

Nígbà ọyẹ́ yìí, tí èmi àti ọmọ náà tún ń ṣètò ọdún, mo tú àkísà funfun kúrò lára iṣu mẹ́ta, mo so pupa mọ́ wọn fún oògùn tèmi. Ó pariwo. "Ìyá àgbà, èèbù nìyẹn o! Ta ló ń jẹ èèbù?"

Mo ní kó lọ mú bírò wá, kó kọ ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni sílẹ̀.