Ibùsùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn fóòmù tó gba ọ̀rinrin máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán tí a lọ ra ọkọ̀ tí a ó máa sùn sí fún họ́lídè, nítòsí Plumstead Common nílùú òyìnbó. Àwa mẹ́rin la wà nílé, ibùsùn mẹ́rin ló sì wà nínú èyí tí Daddy fẹ́, tábìlì rẹ̀ sì lè di ìkarùn-ún.

Mummy mirí. "Bọ́lá ńkọ́?"

Bọ́lá ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ Grandma ní Abẹ́òkúta.

"Kó sùn sórí tábìlì."

"Ọmọ mi kì í ṣe àlejò tí wọ́n ń ká ibùsùn rẹ̀ láràárọ̀."

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọdún méjì ṣì kù kí físà Bọ́lá tó jáde.

Ọkọ̀ kejì ti gbó díẹ̀, àmọ́ ibùsùn márùn-ún ló ní. Mummy dùbúlẹ̀ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀.

"Bọ́lá ti ga, àmọ́ ibùsùn yìí máa gbà á."

Daddy ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá.