Aránṣọ Tó Gbé Ọmọ Wọ Bàálù

Aránṣọ ni ìyá ọmọ tó jókòó tì mí nínú bàálù. Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbàgbé láti bọ́ ọ sílé. Òun nìkan ló ń rin ìrìn àjò náà, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́ta sórí itan, ó ń gbé e lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé omi wá, ó kọ̀. Wọ́n gbé tíì wá, ó kọ̀. Àmọ́ ó ń fi orúnkún gbá orúnkún, mo sì ń wò ó. Kí ló ń ṣe é gan-an?

Mo ní, "Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ẹ́, àbí?"

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Látìgbà tá a ti gbéra ni, Màmá."

"Gbé ọmọ fún mi, kó o lọ."

Ó wò mí látòkè délẹ̀, bí ìgbà tó ń wo aṣọ tó lè ṣá. "Ẹ má bínú, Màmá, mi ò mọ̀ yín rí ni."

"Tí n bá tiẹ̀ fẹ́ jí i gbé, ibo ni mo fẹ́ gbà? Ṣé ojú fèrèsé yìí ni?"

Ó wo fèrèsé. Ìkùukùu nìkan ló wà níta. Ló bá gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

Nígbà tó fi padà dé, ara ti tu àwọn méjèèjì. Ohun tí ìyá lọ ṣe lọ́hùn-ún, ọmọ ti ṣe tiẹ̀ tán lórí itan mi, pámpá tó wà nídìí rẹ̀ ò gbà á dúró.