Ìyàwó Mi àti Ọ̀rá Píọ̀ Wọ́tà

Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí a da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nù. Á fọ̀ ọ́, á gé e tẹ́ẹ́rẹ́, á kó o lọ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọ́ ní Ìkọ̀lé. Wọ́n á so ó mọ́ igi, wọ́n á nà án sókè.

“Ibo ni afẹ́fẹ́ ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì ni, Àńtí!”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ fẹ́ já ọ̀rá náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ojú ọ̀run ṣú. Òrùlé kíláàsì wọn ti ń mì tipẹ́, ni ìyàwó mi bá kó wọn sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé. Ọmọbìnrin kan yọ́ padà sí kíláàsì lọ mú ọ̀rá tirẹ̀. Ìyàwó mi sáré tẹ̀lé e. Ó ti ọmọ náà síta. Òun ni òrùlé wó lù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ọmọ náà mú un wá kí mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi bẹ Àńtí kí wọ́n padà wá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Mo ní, “Dìde, ọmọ mi. Wọn ò bínú sí ọ.”