Aṣọ Tí Wọ́n Rà Láì Ná

Ohun tó ya àwọn aláṣọ Arakale ní Àkúrẹ́ lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni pé oníbàárà kan san iye tí wọ́n pè fún un, kò ná ọjà rárá. Inú ṣọ́ọ̀bù kan ni mo wà, níbi tí òórùn aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá ti máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájà tó ni ín, àmọ́ Àkúrẹ́ níbí ló dàgbà sí. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ló ní kí n fi àwọn ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wéra.

Àlàájà ti dán mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́, kí oníbàárà fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ tààrà. Kò sẹ́ni tó ń yọ nǹkan nínú owó náà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ pé owó ti wọlé gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ní ìkejì, iléeṣẹ́ tó ń gba owó náà ń yọ díẹ̀, àmọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ ní áàpù tiwọn. Ìkẹta ló wá mú: ojú ìwé kan tó ní àwòrán aṣọ, iye rẹ̀, àti bọ́tìnnì ìsanwó. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún.

Olùkọ́ aránṣọ kan ní ìlú Oǹdó ni, oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti ra léèsì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbòmìnira wọn lórí ojú ìwé yẹn. Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àlàájà, ṣé èmi náà lẹ wá ń rẹ́ jẹ? Ìyá ọmọ iṣẹ́ mi kan ra léèsì kan náà ní ṣọ́ọ̀bù yín lánàá, iye tó san kò tó tèmi rárá. Àwọn òbí tó fún mi lówó aṣọ ti ń sọ níbí pé mo bu owó lé e!"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ò ná an? Iye tí mo máa ń pè ni mo kọ síbẹ̀!"

"Ta ni n bá ná an? Fóònù?"

Aláṣọ tó kọjú sí wa bú sẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n bá bọ́tìnnì ná an ni!"

Àlàájà ò rẹ́rìn-ín. Orúkọ obìnrin kan ń bàjẹ́ ní Oǹdó nítorí rẹ̀.

Mo wo ìwé mi. Mo ti kọ iye tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yọ àti bí owó ṣe ń yá wọlé, ṣùgbọ́n mi ò béèrè ibi tí oníbàárà ti lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á ní báyìí." Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: iye tí a pè, ẹnu ọ̀nà lásán ni, èèyàn kì í gbé ẹnu ọ̀nà.

Àlàájà dá owó tó lé padà fún un lójú ẹsẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ Oǹdó, mo sì tẹ̀ lé e. Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ àtàwọn òbí wọn, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo kọ iye ìpè sórí fóònù. Olùkọ́ yín ò fi kọ́bọ̀ lé e."

Olùkọ́ náà na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde, Àlàájà. Èènì mi ńkọ́?"

Ó ti wà nínú àpò Àlàájà: ọ̀pá léèsì méjì.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè iye tí ọ̀nà ìsanwó kan ń yọ, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnu máa ń ṣe lọ́jà kí ọwọ́ tó wọ àpò. Iléeṣẹ́ tó ni ojú ìwé yẹn ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Alága àwọn aláṣọ ò dúró dè wọ́n. Ó ní láti ìpàdé tó ń bọ̀, iye ìkẹyìn ni kí oníkálukú máa kọ sórí ojú ìwé rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sábẹ́ iye náà. "Torí àwọn oníbàárà á ṣì pè yín," ló wí, "wọ́n á ní kí ẹ dín in."