Ẹ̀rí tí Mo Jẹ́ ní Ìrókò

Yanrìn tí wọ́n yan nínú ìkòkò ní òórùn kan tí mi ò lè gbàgbé. Mo rántí ìgbà tí màmá mi ń dà á sínú àkísà, tí wọ́n ń dì í mọ́ ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lálaalẹ́ nílé wa ní Ìrókò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ìwé girama. Egungun ni ó ń ro mí. Lọ́sàn-án ó máa ń rọra ro, tílẹ̀ bá ti ṣú, á dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ìṣó gbẹ́ ẹ láti inú. Kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ni mo ń sá fún.

Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Màmá mi ní tiwọn ń lọ sí ìjọ Aládùúrà tí kì í lo oògùn, omi àdúrà nìkan ni wọ́n mọ̀. Yanrìn gbígbóná kì í ṣe oògùn lójú tiwọn. Lọ́jọ́ kan ó gbóná jù, ó bó mi lára, bàbá mi sì fariga pé ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn ló kàn. Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jọ ṣe àdéhùn: kí ìjọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbàdúrà, bí ẹsẹ̀ náà bá ṣì ń ro mí, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni a ó lọ.

Èmi ọlọ́gbọ́n! Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì bàbá mi ni asipirín tí wọ́n ń lò sí ẹ̀fọ́rí máa ń wà. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo jí méjì gbé mì. Kò pẹ́ rárá tí ìrora náà fi lọ pátápátá, mo sì sùn fọnfọn. Bí mo ṣe ń jí i lò lálaalẹ́ nìyẹn. Màmá mi rí i pé mo ń sùn, wọ́n ní àdúrà ti gbà. Ta ni màá sọ fún? Olè ni mo jà lójú bàbá mi, aláìgbàgbọ́ ni mo jẹ́ lójú màmá mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, wọ́n mú mi bọ́ síwájú ìjọ. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹsẹ̀ mi ò ro mí mọ́." Màmá mi jó títí gèlè fi tú lórí wọn. Mi ò rí i kí wọ́n jó bẹ́ẹ̀ nítorí mi rí, inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi pè mí síta. Wọ́n ti gba àyè níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ kejì. "Wò mí lójú," wọ́n ní. "Ṣé kò ro ẹ́ mọ́ lóòótọ́? Tó bá ń ro ẹ́, a ó lọ lọ́la. Mi ò ní bínú." Mò ń gbọ́ orin màmá mi láti inú ilé. Mo ní, "Kò ro mí mọ́, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n wọlé.

Nígbà tó yá, asipirín bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí nínú, mo bá fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gé aṣọ ìbora jẹ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ igbe mi. Ìrora náà kú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ti gùn ju òsì lọ, ó sì ti rù. Mò ń tiro. Màmá mi ní bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn dídùn gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kan. Ó ya fọ́tò egungun mi, ó fọwọ́ kan àpá yanrìn náà, ó bi mí, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní kókó kékeré kan ló wà nínú egungun, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti pé bí asipirín ṣe ń pa ìrora náà gan-an ni àwọn fi ń dá a mọ̀. Nígbà yẹn, wọn ì bá là á yọ. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ inú egungun, wọ́n á mú kí ẹnu rẹ̀ gbóná, á sì jó kókó náà pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aláìsàn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá yín gbìyànjú, mà. Ooru náà ni, ìta ni wọ́n fi í sí." Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó wo bàbá rẹ̀ lójú yẹn ni inú ń bí mi sí.

Bàbá mi ti kú. Màmá mi ti darúgbó. Bí àlejò bá wá, wọ́n á ní kí n wá fi ohun tí Olúwa ṣe hàn, màá sì ká aṣọ sókè. Màmá mi á fọwọ́ pa àpá náà, wọ́n á ní, "Kò ro ẹ́ mọ́, àbí?"

Màá ní, "Kò ro mí mọ́, mà." Ní báyìí, òótọ́ ni.