Eku Funfun àti Ọ̀nà Oko Bàbá Mi

Eku funfun ni mo fi gba ìwé ẹ̀rí nílé ìwé gíga. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú wa, Ìlọ́fà, títí, pé iṣu ni bàbá mi tà kí n lè lọ bá eku ṣeré. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ìrántí ni kí n pọn omi kún ọpọ́n ńlá, kí n da wàrà sí i kó má mọ́ gaara, kí n sì ri òkúta kan tí eku lè dúró lé sábẹ́ omi náà. Eku tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta kì í gbàgbé ọ̀nà mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń há a mọ́ inú ike tóóró lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbẹ̀rù á máa tú oje tí à ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oje yẹn á sì ba ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí pamọ́ sí jẹ́. Tí mo bá dá a padà sínú omi, á kàn máa yípo ni. Èmi á dúró tì í pẹ̀lú aago, mi ò ní ràn án lọ́wọ́ títí àkókò á fi pé.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ajínigbé gbé bàbá mi lójú ọ̀nà oko, lápá Ìdọ̀fin. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò nínú igbó. Nígbà tó dé, gbogbo ìjọ ń kí i kú ewu. Àmọ́ ó ń wá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ó sì ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pe ìyá mi. Inú mi bàjẹ́. Síbẹ̀ mo ń gbéra ga, torí mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe é ju gbogbo aládùúrà lọ.

Oko nìkan ló ń béèrè. Ó ní tóun bá ti fojú kan ebè òun, orí òun á pé.

A tẹ̀lé àwọn àgbẹ̀ yòókù lọ, torí kò sẹ́ni tó ń dá lọ sóko mọ́. Nílé wa, ọmọ kì í ṣíwájú bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà oko bàbá. Mo gbé agbọ̀n, mo tẹ̀lé e, mo ní ọ̀wọ̀ ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á rántí ni.

Nídìí igi àràbà, níbi tí oníkálukú ti ń yà sóko tirẹ̀, ó yẹ kó yà sọ́tùn-ún. Ó yà sósì. Mo dákẹ́. A já sínú oko kájú olóko, a padà, ó tún ṣìnà. Òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbindingbindin. Ojú ń tì mí láti júwe ọ̀nà fún un, mo wo aago ọwọ́ mi. Nígbà tí a tún padà sídìí àràbà, bàbá mi jókòó lórí gbòǹgbò rẹ̀.

"Ùwọ mọ ọ̀nà yí, àbí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ fúnra yín rántí ni."

Ó wò mí títí. "Wọn a tú mi sílẹ̀ nínú igbó, wọn a ní kí n máa lọ ulé. Báyí náà ni wọ́n ṣe ń dúró wò mí."

Ó nawọ́ kí n fa òun dìde, ó sì ní kí n máa lọ níwájú. Ó di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú títí a fi dé oko.

Ebè rẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa. Ó bi mí pé oko ta ni.